Ìkòkò Kọfí Tí Mo Sọ Di Bútà

                                        Ṣọ́ọ̀bù Mùsáfírù Télọ̀,
                                        Ẹ̀bá Ibùdókọ̀ Rélùwéè,
                                        Ifọ̀.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹwàá, 1957.

Sàlísù, ọ̀rẹ́ mi tó tó ọmọ ìyá,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àjò, mo sì kí ọ kú òjò tí wọ́n ní kò jẹ́ kí ẹ gbádùn ní Àjàṣẹ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Faransé bú ọ? Àwa náà kò burú níbí. Ìyá mi wà, ara rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́. Èmi náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, o lè sọ pé ì bá dára kí n kó kúrò nílùú fún ìgbà díẹ̀.

O bi mí pé báwo ni ìkòkò kọfí tí o fi ránṣẹ́ sí mi ṣe ń ṣe dáadáa sí, àti pé ṣé mò ń mu kọfí láràárọ̀ bíi tiyín lọ́hùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi, jókòó. Bí o bá ń jẹun lọ́wọ́, jẹ ẹ́ tán ná.

O mọ̀ mí láti kékeré. O mọ̀ pé àìsàn kan ń bẹ lára mi tí kò gbóògùn: kò sí ohun tí ènìyàn lè fẹ́ ṣàlàyé fún mi tí n kò ní sọ pé mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Bádéjọ, oníṣòwò ẹja tí o fi ìkòkò náà rán, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin Ìdógò nínú oṣù Kẹjọ, ó gbé e fún mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Sàlísù ní kí n sọ fún ọ pé nǹkan yìí..." N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Bádéjọ, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Ṣé òní ni mo ti ń rí i?" Òní gan-an ni, nítorí n kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Bádéjọ wò mí lókè wò mí nísàlẹ̀, ó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ karí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo gbé e sórí tábìlì, mo ń yí i po. Irin funfun tó ń dán bíi dígí, irú èyí tí kì í dípẹtà. Ó ní ọwọ́ ìdìmú, ó ní ẹnu ṣóńṣó tí omi ń gbà jáde. Kí ni mùsùlùmí fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe bí kò ṣe bútà àlùwàlá? Ohun tó rú mi lójú díẹ̀ ni ọ̀pá tó gba àárín ìdérí rẹ̀ kọjá, tó ní asẹ́ pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n orí mi tó pé yìí yára yanjú ìyẹn náà. Mo ní àwọn Faransé ti rí i pé ìdọ̀tí máa ń wà nínú omi, wọ́n wá ṣe bútà tó ń sẹ́ omi fúnra rẹ̀ kí àlùwàlá lè mọ́ dáadáa. Mo tilẹ̀ ń yìn wọ́n nínú mi pé wọ́n ronú kàn wá tó bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo fi gbé e lọ gbé e bọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn àgbààgbà á tò sílẹ̀ de bútà mi. Mo máa ń dúró tì wọ́n, mo ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tẹ ọ̀pá náà wálẹ̀ kí wọ́n tó da omi sọ́wọ́, mo ń ṣàlàyé ohun tí n kò mọ̀ bíi pé èmi ni Lèmọ́mù. N kò fi du ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ fọ ojú àti ẹsẹ̀ gbà á, ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sí ṣáláńgá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí náà gbà á. Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ wà lára àwọn tó ń gbé e lọ sẹ́yìn.

Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ yìí ni bàbá Ròkíátù, ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin, tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ títí o fi ní kí n jẹ́ kí etí rẹ sinmi. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, Sàlísù. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń polówó, ẹsẹ̀ mi á dúró lórí ẹ̀rọ, oníbàárà á máa bi mí bóyá abẹ́rẹ́ ti ṣẹ́. Àwọn ẹbí mi ti lọ bá bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ pé rárá, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó sọ fún ìyá mi ni pé òun kò rí àléébù kankan lára iṣẹ́ mi tàbí ìwà mi, àfi ẹnu mi. Ó ní, "Ọmọ rẹ yìí, Sùwéébátù, kò sí ohun tí kò mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣìnà, báwo lọmọ mi ṣe fẹ́ sọ fún un?" Ìyá mi jíṣẹ́ náà fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ní mo ti mọ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn.

Ó wá di ìparí oṣù Kẹsàn-án, Bádéjọ tún dé, ó gbé agolo kọfí àti lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́. Mo ka lẹ́tà náà lórí ìdúró. O ní kí n bu ṣíbí kọfí mẹ́ta sínú ìkòkò irin tó ti wà lọ́wọ́ mi, kí n da omi gbígbóná lé e, kí n ní sùúrù bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí n wá rọra tẹ ọ̀pá náà wálẹ̀ kí asẹ́ lè ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀. Mo kà á tán, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ni mo wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìkòkò kọfí rẹ jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà mi, tó ń dúró de ìrun Àìlà. Mo ronú kan gbogbo àgbààgbà Ifọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ronú kan ṣáláńgá.

Ǹ bá gbé agolo náà pamọ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Bádéjọ ti ròyìn rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ sì nìyí, ó ja ogun Hítílà dé ilẹ̀ Hábáṣà níbi tí kọfí ti ṣẹ̀ wá, ibẹ̀ ló ti kọ́ kọfí mímu, kò sì rí irú tibẹ̀ mu mọ́ láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ kejì, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fi kọfí ránṣẹ́ sí mi, pé ṣé mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí lo rò pé mo sọ? Mo tilẹ̀ fi kún un pé ìkòkò tí àwọn Faransé fi ń ṣe é gan-an wà lọ́wọ́ mi. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Alásárì láti wá mu ún, ọjọ́ náà lòun sì máa fún mi ní èsì lórí ọ̀rọ̀ Ròkíátù.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sùn dáadáa. Mo fi eérú fọ ìkòkò náà, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo fi yanrìn fọ̀ ọ́. Mo wá gbé e ka orí ààrò ìyá mi kí omi lè hó nínú rẹ̀. Àfi bí ìyá mi ṣe wọlé wẹ́rẹ́. Ó pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú. Ó ní, "Mùsáfírù! Bútà lórí ààrò mi? Bútà tí gbogbo ọkùnrin Ifọ̀ ń gbé lọ sẹ́yìnkùlé, òun lo gbé sídìí ọbẹ̀?" Kò gbọ́ àlàyé. Mo fọ ìkòkò, mo fọ ààrò, mo gbálẹ̀ ilé ìdáná, síbẹ̀ ó ní òun kò ní dáná níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Búrẹ́dì la jẹ sùn.

Sàlísù, irin náà mọ́. Mo mọ̀ pé ó mọ́, mo gbóòórùn rẹ̀ títí imú mi fi bó. Mo fi ṣe kọfí fún ara mi ní ṣọ́ọ̀bù láti fi kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, n kò ní sùúrù, mo fi gbogbo agbára ti ọ̀pá náà, kọfí gbígbóná fò jáde, ó bà lé aṣọ funfun tí wọ́n ní kí n fi rán agbádá ọkọ ìyàwó. Lọ́jọ́ kejì, mo rọra tẹ̀ ẹ́, ó sì wọlẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu, bó tilẹ̀ korò. Ohun tó kù ni pé kò sí ọkùnrin kan nílùú yìí tí kò mọ ojú ìkòkò náà, Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ sì mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ.

Báyìí ni ọgbọ́n kan sọ sí mi nínú. Ṣebí télọ̀ ni mí. Mo rán ẹ̀wù fún ìkòkò náà. Má rẹ́rìn-ín! Aṣọ àrán pupa ni mo fi rán an, mo wọn ọrùn rẹ̀, mo wọn ìdí rẹ̀, mo fi bọ́tìnnì mẹ́ta sí i lẹ́yìn, mo dá ihò fún ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀. Mo tún rán fìlà kékeré fún ìdérí, tí ọ̀pá yọrí láàárín rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo bọ́ sẹ́yìn wò ó, inú mi dùn. Mo ní ìyá tó bí i gan-an kò ní dá a mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ dé nínú bùbá funfun, ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wo ìkòkò nínú àrán, ó ní, "Ṣé òtútù ń mú un ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé ṣe ń ṣe é kí ó má baà tètè tutù. Mo bu kọfí, mo da omi lé e, mo dúró, mo rọra tẹ ọ̀pá wálẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan. Bàbá dijú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nípa òkè kan ní Hábáṣà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Lásúnkànmí, tí wọ́n jọ ń mu ún láàárọ̀, tí kò bá wọn padà sílé. Mo bù ún sínú kọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ó gbé e súnmọ́ ẹnu. Ó ní, "Bísímílláàhì."

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Bóyá orúkọ Ọlọ́run tó pè sí i ni, bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú yẹn ni. Mo kígbe pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún!" Gbogbo rẹ̀ ló tú jáde lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan náà: Bádéjọ tí n kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, asẹ́ tí mo lọ́ mọ́ àlùwàlá, eérú, ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ̀wù. Mo bọ́ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní, "Bàbá, n kò mọ̀ ọ́n. N kò mọ ohun tó jẹ́ rárá."

Ó wo ìkòkò náà níhòòhò. Ó bi mí pé, "Ṣé èyí tí mo gbé lọ sẹ́yìn ní Jímọ̀ méjì sẹ́yìn nìyí?" Mo ní òun ni. Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó tún gbé e, ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́ títí, àánú rẹ̀ ṣe mí. Lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀ pátápátá, ó sì dìde. Ó ní, "Rárá ni mo gbé lọ́wọ́ wá síbí lónìí. N kò ní sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n ó bá ọ gbélé. N ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Ròkíátù, títí kan ẹ̀wù. Òun ni kó dá ọ lóhùn." Ó jáde. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lọ lójú ọ̀nà, n kò sì mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́.

Ọjọ́ Ajé kọjá, Ìṣẹ́gun kọjá, Ọjọ́rú kọjá. Ìròyìn ti kárí ìlú. Àwọn kan ń yọjú láti fèrèsé bi mí pé ìgbà wo ni n ó rán ṣòkòtò fún bútà. Àwọn àgbààgbà mọ́ṣáláṣí ò bínú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà láti bá mi mu nínú kọfí náà, ìyá mi ò tilẹ̀ fẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Èmi nìkan ni mò ń ṣe é láràárọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, èmi nìkan ni mò ń mu ún. N kò gbọ́ ohùn Ròkíátù ní ibùdókọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Mo ti gbà pé ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mò ń tẹ ọ̀pá náà wálẹ̀ nígbà tí òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà. Ròkíátù ni, pẹ̀lú àtẹ búrẹ́dì lórí. Ó sọ àtẹ kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí oníbàárà. Ó wo ìkòkò náà. Ó ní, "Ṣé òun nìyí?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Bàbá ní kí n wá dá yín lóhùn fúnra mi."

Ó fa kọ́ọ̀bù kan yọ lábẹ́ aṣọ tó fi bo búrẹ́dì, ó nà án sí mi. Mo bu kọfí sí i fún un. Ó mu ún, Sàlísù. Ó mọ ibi tí ìkòkò náà ti dé, ó sì mu gbogbo rẹ̀ tán, ojú rẹ̀ hunjọ bíi ti ọmọ tó ń mu àgbo. Ó nu ẹnu. Ó ní, "Ó ti korò jù. Láti ọ̀la lọ, èmi ni n ó máa gbé ṣúgà wá."

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ìbejì, kí o sì bá mi kí gbogbo ará ilé yín. Ìyá mi ní kí n kí ọ; ó ní bí o bá tún fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, kí o kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà. Ní ọjọ́ ìsọ yìgì, ìwọ ni n ó fi jókòó sápá ọ̀tún mi, nítorí náà má ṣe àwáwí iṣẹ́ fún mi.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
                                        àfẹ́sọ́nà Ròkíátù,
                                        Mùsáfírù.