Orúkọ Tí Ẹ Fi Ń Jí Ẹ̀gbọ́n Mi

Yèyé mi tí mo fẹ́ràn ju iyán lọ,

Èmi náà ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Ta ló tún wà ní gbogbo Osi tó lè gbé aboyún tó ń rọbí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti Obbo-Ile, nínú òjò, tí kẹ̀kẹ́ ò sì ní ṣubú? Ọkọ ẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé wa, ó ń pariwo, “Rọra o, ìwọ ọmọ yìí!” Mo ní kó máa bọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ò yá. Ṣebí ẹ ní ẹni tó sá kúrò nílé ìwé ní sítáńdáàdì fọ́ọ̀ ò lè wúlò?

Àmọ́ nígbà tá a dé ilé ìgbẹ̀bí, ọmọ wálẹ̀, kò ké. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbẹ̀bí níbẹ̀ gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó fẹnu fa ohun tó dí i nímú, ó wá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fẹ́ iná tí ò fẹ́ kó kú. Mo ti ń wá ibi tí màá sá gbà. Ọmọ ké! Yèyé, gbogbo irun ara mi dìde. Ṣé ẹni tí mo máa ń jí ẹran inú àwo ẹ̀ jẹ náà nìyẹn?

Wọ́n ń pariwo “Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì!”, wọ́n sì gbé ọmọ wọn jó lọ. Ó fọwọ́, ó jókòó, ó ń wo ògiri. Ẹnì kan ò bi í bóyá ó ti jẹun.

Bó ṣe ń rí nìyẹn látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń kú. Ṣé ẹ pè é? Kò tíì sunkún. Télọ̀ ará Idofin tó ń fẹ́ ẹ ti pẹ̀yìn dà: ìgbàkígbà tó bá dé, wọ́n á ti pe ẹ̀gbọ́n mi lọ gbẹ̀bí. Lánàá ni ẹ̀gbọ́n mi ká aṣọ funfun iṣẹ́ ẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí. Ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Mo bá ro ó. Gbogbo ìlú ń pè é ní Nọ́ọ̀sì, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń fi oríkì kì í. Àràárọ̀ tó bá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ ó kì í títí, ẹ ó kà á dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa, á wá dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo mọ̀ pé àbúrò kì í ki ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ohùn yín pe àwọn ará ilé wá jẹun, tí wọ́n ń sáré wá, bí kì í ṣe èmi?

Láàárọ̀ yìí mo wọ yàrá yín, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo fi ohùn yín pè é: “Àjíkẹ́!”

Mo gbọ́ orúnkún ẹ̀ nílẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó ké bí ọmọ ọjọ́ yẹn. Mo ní mo ti ṣe é! Ó nujú, ó wá ń dúró de ìyókù oríkì náà. Mo ṣílẹ̀kùn, ó rí i pé èmi ni. Kò bínú, kò dìde.

Ó ní, “Parí ẹ̀.”

Ibi tọ́rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, Yèyé. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń kì í, ìdí ìkòkò ni mo máa ń wà, tí mò ń jí ẹran. Mi ò mọ ìyókù.

Èmi ni, àbíkẹ́yìn yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹnu ẹ̀ ò tó lónìí.