Ìdánwò Èéfín Ọkọ̀ Wa àti Ẹ̀fọ́rí Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Kọ́kọ́ jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Kò sí òkú nílé o. Mo sọ ìyẹn ṣáájú ìkíni torí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, o sì jọ ìyá rẹ, àyà rẹ máa ń tètè já. Ó dáa, mo wá kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwọn tó ń gbé lókè yàrá rẹ nínú ilé alájà púpọ̀ yẹn, ṣé wọn kì í rìn lé ọ lórí mọ́ báyìí? Èmi ò tíì gbọ́ irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ rí, ká sanwó ilé kí ẹlòmíràn sì máa tẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́dàá yóò máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ, o kò ní fẹsẹ̀ kọ, ohun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí sí rere. Àwa náà ń bẹ níbí. Òrùlé ẹ̀yìn ń jò díẹ̀, adìẹ funfun tí o mọ̀ yẹn ti kú, ṣùgbọ́n ikú adìẹ ni, kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí o ti fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n yọ ọkọ̀ wa kúrò lórí epo bẹntiróòlù, kí wọ́n gbé sílíńdà gáàsì sí i nídìí, ńṣe ni ọkọ̀ náà di ọmọlúàbí. Kò tu èéfín dúdú mọ́, kò rùn mọ́. O rántí pé ìyá rẹ kì í jẹ́ kí n gbé e sún mọ́ ilé tẹ́lẹ̀, ó ní òórùn rẹ̀ ń wọ òun láṣọ. Nígbà tí o wá sọ fún mi lórí fóònù pé èéfín gáàsì mọ́ ju ti bẹntiróòlù lọ, mo ní ó parí, ohun tó bá mọ́ kò yẹ ní ìta. Mo ní kí káfíńtà fi pákó kan ilé fún un sí ara ògiri, lábẹ́ fèrèsé yàrá ìyá rẹ gan-an, mo sì ní kó ṣe ilẹ̀kùn sí i kí eruku má bàa wọlé. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ dúró ti fèrèsé, ó fa imú títí, ó ní òun ò gbóòórùn kankan. Mẹ́káníìkì wa, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Fọwọ́kàn-án torí pé kò sí ohun tí kì í tú, ní ọkọ̀ onígáàsì fẹ́ kó gbóná dáadáa láàárọ̀ kí èèyàn tó wà á. Nítorí náà, bí mo bá ti jí, mo máa ń ta iná sí i, màá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà kí ariwo má bàa yọ ará àdúgbò lẹ́nu, màá wá lọ jókòó síwájú ilé gbàdúrà. Nígbà tí mo bá fi máa parí àdúrà, ọkọ̀ á ti gbóná. Mo kà á sí ọgbọ́n.

Ohun tí a fi pa mọ́ fún ọ ni pé ara ìyá rẹ kò yá. Òun ló ní kí n má sọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀fọ́rí, òòyì, èébì. Ó ń bi mí ní ohun tó ti bi mí tán. Lọ́jọ́ kan ó pè mí ní orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú, mo sì jẹ́ ẹ torí n kò mọ ohun tí n bá ṣe. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn ibà, kò lọ. Wọ́n ní ojú ni, wọ́n fún un ní awò, ẹ̀fọ́rí náà kò lọ síbẹ̀, ó kàn wá ń rí gbogbo ẹ̀gbin tó wà nílé kedere ni, ìyẹn sì tún di ẹjọ́ mìíràn sí mi lọ́rùn. Èyí tó dùn mí jù ni pé bó bá ti lọ sílé àbúrò rẹ̀ tó ń ránṣọ, ara rẹ̀ á yá ṣáṣá. Mo bá àbúrò rẹ̀ jà. Mo ní ó ń fi oúnjẹ aládùn fa ìyàwó mi mọ́ra. Òun náà ní ojú mi tí ẹ̀gbọ́n òun ń rí láràárọ̀ ló ń fọ́ ọ lórí. Ọmọ mi, mo rò ó títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Bí àìsàn náà ṣe ń le sí i ni àdúrà òwúrọ̀ mi ń gùn sí i. N kò sì jẹ́ pa ọkọ̀, torí mo ní bó bá di pàjáwìrì, ẹ́ńjìnnì á ti gbóná, a ó kàn gbé e dé ọsibítù ni.

Ìgbà náà ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ tó ń lo gáàsì lọ ṣe ìdánwò èéfín ní ìlú ńlá tó wà nítòsí wa. Mo rántí pé nígbà tí wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, nọ́ọ̀sì ní kí n má jẹun láti alẹ́. Mo bá fún ọkọ̀ náà láwẹ̀. Mo jẹ́ kí gáàsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, n kò ra òmíràn sí i. Mo tún fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀, páìpù tí èéfín ń gbà jáde nídìí, ó mọ́ tónítóní. Mo mú ìyá rẹ dání, torí wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà ń mọ ohun tó wà nínú èémí tí ojú kò lè rí. A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà wọn tí ọkọ̀ fi kú. Àwọn èèyàn ló bá wa tì í wọlé, ìyá rẹ jókòó sínú rẹ̀, ó di orí mú. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìdánwò náà bi mí pé kí ló ṣe é, mo ní kò ṣe é nǹkan kan, ààwẹ̀ ló gbà wá. Ó wò mí, ó wo ọkọ̀, ó ní kí n lọ ra gáàsì sí i, pé ọkọ̀ tí kò jẹun kì í mí.

Ilé ìdánwò náà tóbi, ó sì ga, ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu, fáànù ńlá kan sì ń fẹ́ láti ara ògiri. Nígbà tí mo ra gáàsì dé, ọmọbìnrin náà ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, okùn ọ̀pá náà lọ sínú àpótí kan tó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí n ta iná, kí n jẹ́ kó máa rọra hó. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọmọ mi, ara mi bù máṣọ. Mo ti wo ti ọkọ̀ tó ṣáájú wa, tiwa ti fi í sílẹ̀ pátápátá. Mo kígbe sí ìyá rẹ pé a gba ipò kìíní. Nígbà tí mo wo ojú ọmọbìnrin yẹn ni mo rí i pé kì í ṣe ojú ẹni tó ń wo ipò kìíní. Ó ní kí n pa á kíá. Ó ní kì í ṣe máàkì o, bàbá, bó ṣe ń gòkè ló ń burú. Ó ní atẹ́gùn tó ń dàpọ̀ mọ́ gáàsì nínú ẹ́ńjìnnì wa kò tó, gáàsì náà kì í jóná tán, ohun tó sì ń ti ibẹ̀ jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ó ń gba ibi tó yẹ kí èémí wà.

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò yé mi. Mo ní níwọ̀n bí ọ̀pá náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó jọ̀ọ́ bá mi fi sí ẹnu ìyàwó mi, bóyá á rí ohun tí nọ́ọ̀sì kò rí. Mo ti mú aṣọ mímọ́ dání tó máa fi nù ún. Ẹnìkejì rẹ̀ tó jókòó sídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ, ó bi í pé ìgbà wo ni orí máa ń fọ́ ọ. Ìyá rẹ ní òwúrọ̀ ni. Ó bi í bóyá ó máa ń lọ bó bá jáde nílé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà wá kọjú sí mi, ó ní níbo ni ọkọ̀ yìí ń sùn. Mo fi ìyangàn ṣàlàyé ilé tí mo kọ́ fún un, fèrèsé, ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀. Ó ní ṣé mo máa ń ta iná sí i níbẹ̀. Mo ní bí mo bá ń gbàdúrà ni. Ó ní ṣé àdúrà náà máa ń pẹ́. Mo ní kì í pẹ́ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ara ìyàwó mi kò yá ni mo fà á gùn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu mi tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, lórí símẹ́ńtì, nínú aṣọ ìjáde mi. Ọmọbìnrin yẹn ló pe ọsibítù, òun ló sì wá ọkọ̀ mìíràn tó gbé wa lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ wò, wọ́n fi nǹkan bo imú àti ẹnu rẹ̀, wọ́n ń fún un ní atẹ́gùn. Dókítà ní ká dúpẹ́, pé bí a bá tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè má jí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ń sunkún. Ìyá rẹ ṣí nǹkan náà kúrò lẹ́nu, ó ní kí n yé sunkún, pé ó kéré tán òun ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ojú mi ló ń fọ́ òun lórí. Nọ́ọ̀sì bá a wí, ó dá nǹkan náà padà sí i lẹ́nu.

Ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́. O ti ń sọ ní ọkàn rẹ pé ìwọ lo fowó gáàsì ránṣẹ́. Má sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ní òótọ́ lo sọ, gáàsì mọ́ ju bẹntiróòlù lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹ́ńjìnnì tí à ń ta iná sí nínú ilé tí a ti pa, ohun yòówù kó máa mu. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, èmi ni mo kọ́lé fún un. Kí ìyá rẹ tó ti ọsibítù dé, mo ti fi ọwọ́ ara mi tú ilé náà, n kò dúró de káfíńtà. Fọwọ́kàn-án ti tún ibi tí gáàsì àti atẹ́gùn ti ń pàdé ṣe, a padà lọ ṣe ìdánwò, nọ́ńbà náà kéré débi pé àánú ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí.

Bí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́. A fẹ́ kọ́ ibi ìpamọ́ ọkọ̀ sí ìpẹ̀kun ọgbà, kó má ní ògiri rárá, òrùlé nìkan. Owó ọsibítù náà ṣẹ́ kù. Mo sì fẹ́ ra nǹkan tó jọjú lọ bẹ àbúrò ìyá rẹ, torí ẹnu mi kò dáa sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni owó tí o ní, má fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wá wo ìyá rẹ.

Ní àárọ̀ yìí, mo tún jókòó síwájú ilé. N kò ta iná sí ọkọ̀, mo ṣí fèrèsé. N kò mọ ohun tí mo tún lè sọ fún Ọlọ́run lẹ́yìn gbogbo èyí tí mo ti sọ, mo kàn ní kó jẹ́ ká jọ dàgbà. Ìyá rẹ dáhùn láti inú yàrá, ó ní àmín. Ọmọ mi, n kò gbọ́ àmín rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí a ti gbé ọkọ̀ yẹn sún mọ́ ilé. Mo wá gbàdúrà fún ọ, pé o kò ní ṣàìsàn níbi tí a kò ti ní mọ̀, pé ohun tí o bá fi ṣe wá lóore kò ní di ẹkún sí ọ lójú, pé ìwọ ni wàá sin wá, a kò ní sin ọ́. Àmín tí ìyá rẹ ṣe sí ìyẹn ga ju ohùn mi lọ. Ṣe tìrẹ náà níbi tí o wà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.