Ta Ní Ń Bá Adédiwúrà Roko Lọ́fẹ̀ẹ́?

Ilé wa ní Àgbòyì,
lẹ́yìn èbúté ọkọ̀.

Adédiwúrà ọmọ mi àtàtà,

O kú iṣẹ́ o, o kú ìfaradà ariwo Ìkòsí. Bí lẹ́tà yìí ṣe tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ire máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Olúwa kò ní jẹ́ kí o ríjà ẹni tí ń rẹ́rìn-ín síni. Ara wa le níbí. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́, adìẹ funfun yẹn ti pamọ, ògiri ẹ̀yìnkùlé tí omi wó lọ́dún tó kọjá sì ti dìde padà. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Àjíṣafẹ́, olórí ẹbí wa, ní kí n kí ọ; wọ́n ṣì ń bá gbogbo ẹni tó bá gba iwájú ilé wọn kọjá jà lórí ààlà ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ìyá rẹ gbé fóònù sí mi létí lánàá, mo gbọ́ tí o ń pariwo pé mo ti ṣe ohun tí ọ̀tá kì í ṣe síni, kí nẹ́tíwọ̀kì tó já. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà kì í já, ẹni tó bá sì fẹ́ pariwo mọ́ ọn, òun nìkan ni yóò gbọ́ ariwo ara rẹ̀.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìwọ lo wá sílé lóṣù tó kọjá, tí o ní ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ṣe ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ pè é ní Omi-Ń-Bọ̀, tí yóò máa ké sí àwa ará Àgbòyì àti àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lórí fóònù kí odò Ògùn tó kún wọlé. Mo dúpẹ́. O ní ọ̀fẹ́ ni. Mo fura díẹ̀. O tún ní gbogbo ayé ló lè ṣí inú rẹ̀ wò, kí wọ́n mú un lọ, kí wọ́n tún un ṣe, láìsan kọ́bọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti wá fura gan-an, nítorí gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, n kò rí ìgbà kan tí a ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì sílẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì ṣẹ́kù síbẹ̀. O ní ó ku ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn yóò ti máa kà nípa rẹ̀, pé irinṣẹ́ tí ẹ máa fi kọ́ ọ lẹ̀ ń jiyàn lé lórí, pé ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù yìí lẹ máa dìbò. O wá fi mí sínú gúrúùpù yín lórí Wasáàpù, kí n lè sọ èyí tó máa rọrùn fún arúgbó láti kà. Ìwọ lo fi mí síbẹ̀ o. N kò fo ògiri wọlé.

Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ ni mo ń kà. Felix, èyí tí o mú wá sílé, tó wọ kóòtù pẹ̀lú táì jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ní irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ni kí ẹ lò. Ó ní ìka lásán lẹ máa fi fa àwòrán síbi tó bá wù yín, pé ọ̀fẹ́ ni, pé wọ́n á tún fún yín láyè tí ẹ máa kọ́ ọ sí. Mo wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni tí a bí sínú ìdílé onílẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè. Bí a bá fún àlejò nílẹ̀ ọ̀fẹ́ níbí, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí ọ̀pẹ, torí ẹni tó gbin igi tó ń pẹ́ ti fẹ́ sọ ara rẹ̀ di onílẹ̀. Mo ní, ṣé wọ́n á jẹ́ ká gbin obì níbẹ̀? Bí wọ́n bá sì ní ká kó jáde, ṣé a ó lè ṣí páànù wa lọ? Felix kọ ọ̀rọ̀ tó kún ojú fóònù mi látòkè délẹ̀. Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè mi sọ̀kalẹ̀ láti àjà kí n tó lè kà á tán. Kò sí bẹ́ẹ̀ ni nínú rẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ká ní ọmọ kíláàsì mi ló kọ ọ́ nínú ìdánwò, òdo ni n bá fún un, n bá sì yìn ín pé kò ṣi sípẹ́lì.

Ẹlòmíràn tí ń jẹ́ Junaid ló dá mi lóhùn. Ó ní irinṣẹ́ tòun kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ lẹ máa fi kọ ọ̀rọ̀ yín sínú fáìlì tiyín, irinṣẹ́ náà á wá tò ó di ojú ewé. Pé kò ní wúwo lórí fóònù kékeré. Pé ọjọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, gbogbo rẹ̀ lẹ máa kó, títí dórí ìṣó. Ó tún fi sà parí rẹ̀. Ìdáhùn náà ti dára jù. Ohun tó jẹ́ kí n fura sí i nìyẹn.

Mo bi í pé ta ní ń sanwó fún un. Ó ní kò sí. Mo ní láti ìgbà wo. Ó ní ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta. Mo ní ṣé ó ní ẹbí ní Àgbòyì, ó ní rárá, Ìlọrin ni òun ń gbé, òun kò tilẹ̀ rí ojú rẹ rí, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá pọ̀, òun máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ òun wá bá yín ṣe é. Adédiwúrà, mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo pe ìyá rẹ. Ọkùnrin tó ń roko olóko lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń kó ọ̀rẹ́ lẹ́yìn wá roko ọ̀hún, tó sì ń pe baba ọmọ ní sà, kí là ń pè é nílẹ̀ yìí? Ṣebí iṣẹ́ àna nìyẹn! Bí èmi náà ṣe roko baba ìyá rẹ nìyẹn, tí mo ń sọ fún gbogbo ayé pé eré ìdárayá ni.

Mo lọ bá Bàbá Àjíṣafẹ́. Wọ́n ní àbùkù ni fún ìdílé wa láti máa jẹ iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀, ká sì máa wò ó bí ẹni tí kò rí nǹkan. Wọ́n ní Felix náà ń fẹ́ ọ, àbí kí ló mú kó máa bá a du irinṣẹ́? Ni mo bá kọ ọ́ sínú gúrúùpù, ní òyìnbó tó gún régé, pé Junaid, a ti rí iṣẹ́ rẹ, kí àwọn òbí rẹ máa bọ̀. Ṣé o rí i bí àwọn ọkùnrin inú gúrúùpù náà ṣe bú sẹ́kún? Ojú roboto tí omijé ń dà lápá ọ̀tún, lápá òsì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ léraléra. Àánú wọn ṣe mí. N kò mọ̀ pé àwọn tó ń fẹ́ ọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Felix ní tiẹ̀ kúrò nínú gúrúùpù. Ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kó lè dúró.

Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ kí nẹ́tíwọ̀kì tó já kò kúrò lọ́kàn mi. O ní láti ọjọ́ náà Junaid kò sọ gbólóhùn kan mọ́, pé òun nìkan ló mọ irinṣẹ́ tirẹ̀ lò dáadáa, pé bí kò bá padà, ojú ewé náà kò ní tíì sí nígbà tí omi bá dé. Ìyá rẹ gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé mi láti ìsàlẹ̀ pẹpẹ lọ sókè.

Ọmọ mi, ro tèmi náà. Ọdọọdún tí omi bá gbé wa, àwọn èèyàn máa ń wá. Wọ́n á gbé ìrẹsì wá, wọ́n á ní ká dúró sínú omi kí wọ́n ya fọ́tò wa, kò ní pẹ́ tí a ó fi bá ojú ara wa pàdé lórí pátákó ìbò. N kò tíì rí ẹni tó wá tí kò mú nǹkan lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan wà ní Ìlọrin tí kò fẹ́ ọmọ wa, tí kò fẹ́ ìbò wa, tí kò fojú rí odò wa, tó kàn ń ṣiṣẹ́ kí omi má bàa ká wa mọ́ ojú oorun? Ṣé irú wọn ṣì wà? Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ pé bàbá rẹ ní kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, pé a kò ní béèrè òbí rẹ̀ mọ́, pé irinṣẹ́ tirẹ̀ ni mo fara mọ́. Pe Felix náà padà. Ẹni tó mọ ẹwà kì í ṣe ẹni à ń lé dànù, kí ó ṣáà máa dáhùn ohun tí a bi í.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ìyá rẹ fẹ́ ra ẹja yíyan tí a ó fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Ẹja ẹ̀bẹ̀ ni o, kì í ṣe ẹja àna, kí o là á yé e. Dátà ni n ó fi ìyókù rà, torí mo fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbò. N kò ní sọ̀rọ̀. Màá kàn máa wò wọ́n.

Ọlọ́run tí wọ́n ń pè ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò bá ọ ṣọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Odò yóò mọ ibi tí ó yẹ kó dúró. Ẹni tó ń ṣe oore tí kò gba nǹkan, kò ní rẹ̀ ẹ́, kò ní ṣì wá pè ní èèyàn burúkú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akóredé.

Ìyá rẹ ń yọjú wo ohun tí mò ń kọ. Ó ní kí n má fi àyè ìsàlẹ̀ yìí ṣòfò: bí o bá ti bẹ Junaid tán, tó sì ti gbà, kí o fọgbọ́n bi í, ṣé ó ti láya?