Ọkọ̀ Tí A Lé Padà

Bàbá mi, Bàbá Akọ̀wé,

Inú yín kò ní í dùn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná. Mo ti fi iṣẹ́ káńsù sílẹ̀. Tábìlì tí ẹ fi ń yangàn ní gbogbo Osooro ilé wa, tí ẹ wá wò lọ́jọ́ kan tí ẹ sì ń fọwọ́ pa á lára, ẹlòmíràn ló ń jókòó sídìí rẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó lé mi. Èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé pé mi ò ṣe mọ́. Inú áńbúláǹsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkìtìpupa níhìn-ín. Èmi ni mo máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú aláìsàn, tí mo máa ń di ojú ẹ̀jẹ̀, tí mo máa ń ṣọ́ èémí rẹ̀ títí a ó fi dé ilé ìwòsàn.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń fọwọ́ yí orí ká. Ẹ má tíì ta á nù, ẹ gbọ́ mi tán.

Ìkálẹ̀ la jọ ń sọ nílé, ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá lẹ fi kọ́ mi ní ìwé kíkà kí n tó dé ilé ìwé rárá, òun ló fi jẹ́ pé báyìí ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà sí yín. Mo ṣì ń rántí bí ẹ ṣe máa ń tẹ́ sùtánà yín sábẹ́ ẹní ní ọjọ́ Sátidé kí ó lè nà, bẹ́ẹ̀ áyọ́ọ̀nù wà nínú ilé. Mo ń rántí ikọ́ tí ẹ máa ń hú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wọlé, kí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn lè ráyè yí ọ̀rọ̀ padà. Púpurú ńkọ́, tí ẹ kì í jẹ bí kò bá jó yín lọ́wọ́? Ta ló ń rò ó fún yín níbẹ̀ yẹn? Ṣé ó ń gbóná tó?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, torí èmi pẹ̀lú yín kò sọ ọ́ rí. Láti àárọ̀ ni èémí yín ti ń já. Èmi ni mo tẹ àwọn áńbúláǹsì láago. Ọkọ̀ náà dé, ó dúró síwájú ilé wa, funfun báláú. Kí dẹ́rẹ́bà tó sọ̀kalẹ̀, ìyá tó wà nílé kejì ti fi igbe ta, ó rò pé ẹ ti kú. Àwọn àgbà ìjọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá ní ọkọ̀ tí ń gbé òkú, alààyè kì í wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà juwọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì pé kí wọ́n máa lọ. Ta ni yóò wá lọ bá dẹ́rẹ́bà sọ ọ́? Èmi náà ni, torí èmi ni akọ̀wé, èmi ni mo gbọ́ èdè àwọn oníṣẹ́ ìjọba. Mo jáde. Mo fi ẹnu ara mi sọ fún un pé ara yín ti ń yá, kó máa padà lọ. Ọkùnrin náà wò mí títí, lẹ́yìn náà ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà.

Ọ̀kadà la gbé yín sí, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe níbí. Ọlọ́kadà níwájú, ẹ̀yin láàárín, èmi lẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì yín mú, mo fi àyà gbé ẹ̀yìn yín ró. Ẹ wúwo. Mo ń bá yín sọ̀rọ̀ lọ, mo ń sọ fún yín pé a ti kọjá afárá, pé a ti dé ibi tí wọ́n ti ń fún epo, pé ó kù díẹ̀. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn yín lọ́rùn, ó sì gbójú sókè wò mí. N kò mọ ibi tí ẹ ti fi mí sílẹ̀. Ṣé ká tó kọjá afárá ni? Mélòó lẹ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ? Wọ́n ti kọ́ mi báyìí pé afẹ́fẹ́ inú àgbá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún ẹni tí èémí rẹ̀ bá ń já. Àgbá náà wà nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Mo ti béèrè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ kan náà ló padà wá gbé yín lọ sí mọ́ṣúárì, kò sì sẹ́ni tó bá a jà. Màmá pàápàá dúpẹ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Dẹ́rẹ́bà náà ni mo ń bá ṣiṣẹ́ lónìí, Bàbá Ìdòwú là ń pè é. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà fún mi rí, èmi náà kò sì tíì láyà láti bi í.

Lẹ́yìn tí a sin yín, mo fara da ọ́fíìsì fún ọdún kan. Bí mo bá ṣí fáìlì, n kò ní mọ ohun tí mo ń kà. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ènìyàn ń yìn mí, pé mo tọ́jú bàbá mi dójú ikú. Ìyìn yẹn kò jẹ́ kí n lè jẹun. Ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò kọ́ ní iṣẹ́ ọkọ̀ yìí, n kò bi ẹnikẹ́ni kí n tó lọ.

Iṣẹ́ náà le, Bàbá. Bí a bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á sá wọlé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kadà méjì kọlu ara wọn lọ́nà Ìrẹ̀lẹ̀, ẹsẹ̀ ọkùnrin kan kán. Bó ṣe rí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ má gbé mi sínú ẹ̀, mo bẹ̀ yín, mi ò tíì kú." Mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má bàa mì, àwọn ẹbí rẹ̀ sì gbé e sórí ọ̀kadà mìíràn lójú wa. A ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo títí dé ilé ìwòsàn. N kò lè bínú sí i. Ilé wa ni mo ti mọ irú ẹ̀.

Màmá kì í jẹ́ kí n wọlé bí n kò bá tíì fi omi iyọ̀ ṣan ọwọ́. Mo ti gba ìyẹn. Ohun tó gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ Títí, àbíkẹ́yìn yín. Ó lóyún, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Ọ̀dọ̀ Màmá ló wà. Ẹ ò tíì gbàgbé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ ni wọ́n ní kó bí sí, kò burú, àwọn ìyá ibẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn, àwọn ló gbẹ̀bí èmi náà. Ṣùgbọ́n aríran kan dìde nínú ìsìn, ó ní òun rí ọkọ̀ funfun kan níwájú ilé wa, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbààwẹ̀ kí ọkọ̀ náà má bàa dé. Màmá ní kí n kúnlẹ̀, kí n ṣèlérí pé n kò ní í gbé ọkọ̀ náà dé àdúgbò. Mo kúnlẹ̀, mo ṣèlérí. Mo tún lé e padà lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ kí Títí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ náà wú. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó ní òun ń rí ohun kan tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lójú òun. Mo ti gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ sínú báàgì, mo wọ̀n ọ́n fún un nínú ilé ìdáná. Ó ti ga kọjá ààlà. Mo ti rí irú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ̀ pé gìrì ló ń tẹ̀ lé e bí a kò bá tètè gbé e.

"Àǹtí, ṣé ó dáa?"

Mo ní kó dìde, ká jọ máa lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ẹ jẹ́ kí ààwẹ̀ parí ná. Ẹ má sọ fún Màmá."

Mo sọ fún Màmá. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, kò gbójú sókè. "Ìwọ àti ọkọ̀ ẹ ni ìran yẹn ń wí," bó ṣe wí nìyẹn, ó sì gbé àtẹ ẹ̀wà rẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè. Ṣé èmi ni aríran rí ni, Bàbá? Ṣé èmi ni mo ń gbé e bọ̀?

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ekòló. Láti àná ni fóònù Títí ti kú. Ti Màmá ń dún, kò gbé e. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, ọ̀sán ni, òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀ kò sì rọ̀. Bàbá Ìdòwú sọ fún mi pé òfin ni, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò níbí bí ẹnikẹ́ni kò bá pè. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ n kò sọ fún un pé ká lọ síbì kankan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bí ẹni tó ti lọ bá ń ráyè wọ ojú àlá, ẹ wá bá Màmá. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ọkọ̀ náà ló pa yín. Ẹ sọ fún un pé, ká ní ẹ mọ̀ ni, ẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́. Àbí ẹ ò ní í wọ̀ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀?

Bàbá, Màmá pè. Ọkọ̀ ti ń sáré báyìí, ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe ń wọ́. Kò kí mi, kò pe orúkọ mi.

"Gbé ọkọ̀ yẹn bọ̀."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì pa fóònù. Mo pè é padà, kò gbé e. Kò sọ ẹni tí a fẹ́ gbé. Kò sọ bóyá ó ń mí. Kò sí ẹkún nínú ohùn rẹ̀, kò sì sí ìkánjú níbẹ̀, èyí ló sì ń já mi láyà. Mo ti gbé àgbá afẹ́fẹ́ sítòsí, mo ti wọ ìbọ̀wọ́, mo ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mọ Màmá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbà kí ọkọ̀ yìí gbé ènìyàn rẹ̀, ẹ̀yin sì ni, ẹ sì ti kú nígbà náà.

A ti wọ Osooro.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì mọ ohun tó ń lọ gbé.