Owó Màlúù Kò Sí Nínú Ìnáwó Ilé

Ṣàgámù,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1982.

Fẹ̀hìntọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ara aya rẹ le, ṣé ọmọ ti ń rìn? Àwa náà ń bẹ. Ẹsẹ̀ tí ń dùn mí ti fúyẹ́, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní kórìíra rẹ, àmín.

Ọ̀rọ̀ ilé bàbá mi tó wà lẹ́bàá Sábó ló mú kí n kọ̀wé. Kàmọ́rù olóbì ti gbà láti rà á ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, ṣùgbọ́n kò ní san kọ́bọ̀ àfi bí a bá mú ìwé wá pé a ti san owó orí èrè ilé. Bí oṣù yìí bá parí, ó ní òun mọ ilé mìíràn ní Likosi.

Mo lọ bá akọ̀wé owó orí. Ó ní nígbà tí bàbá kú lọ́dún 1978, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ni wọ́n díye lé ilé náà, nítorí náà a ti jèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, Ìjọba yóò sì gba ogún kọ́bọ̀ lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Mo ní ilé tí kò kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, ọjà wo ló ná tó fi jèrè? Ó ní bí òfin ṣe wí nìyẹn, kí n kó ìwé ìnáwó wa wá kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú èrè.

Inú mi dùn. Mo di gbogbo rìsíìtì òkú bàbá sínú gèlè, ti màlúù, ti pósí, ti búrẹ́dì àìsùn, títí kan owó aago ṣọ́ọ̀ṣì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Akọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní Màmá, òkú lẹ fi èyí sin, ìnáwó ilé ni mo béèrè. Mo ní bí a kò bá sin ín, ta ni ì bá fún wa ní kọ́kọ́rọ́? Ẹ̀gbọ́n mi Ọláwọlé tó tẹ̀lé mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní Adétóun, ṣé o fẹ́ kí Ìjọba bá wa sin bàbá lẹ́ẹ̀kejì ni?

Ó wá ku páànù tí a fi tún òrùlé kàn lọ́dún méjì sẹ́yìn, èyí tí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Akọ̀wé ní ìyẹn wọlé. Ọláwọlé ní kí o mú rìsíìtì ẹgbẹ̀fà náírà tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ nígbà náà wá. Má mú un wá. Fà á ya. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni oníṣòwò páànù gbà, ìwé rẹ̀ tó ní òǹtẹ̀ wà nínú àpótí mi. Ọ̀ọ́dúnrún tó kù ni mo fi tún ìsọ̀ mi ṣe, tí mo sì fi ra ewúrẹ́ tí mo wí lókè. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, èmi ni mo kọ ọ́, akọ̀wé sì ti mọ bí mo ṣe ń kọ̀wé, ìṣojú rẹ̀ ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù.

Gbogbo owó orí náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti ogún náírà. Ọláwọlé ti mú ìdajì wá. Jọ̀wọ́, bá mi wá ìdajì tèmi, kí ó dé kí oṣù tó parí. Bí Kàmọ́rù bá ti sanwó, n ó dá a padà, n ó sì fi ọmọ ewúrẹ́ kan lé e. Èrè owó rẹ ni, má jẹ́ kí akọ̀wé gbọ́.

Èmi kò ní sin ọ́, ìwọ ni yóò sin mí nígbà tí mo bá gbó. Lọ́jọ́ náà, rìsíìtì páànù ni kí o tọ́jú, má wulẹ̀ di ti màlúù sí gèlè.

Ìyá rẹ,
Adétóun