Ọpẹ́ Àná ní Djègan-Kpèvi

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi ti yá, ẹ má fòyà.

Ẹ kọ́ wa pé bí èèyàn bá ṣe wá lóore, ká padà lọ dúpẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe fún Jésù: mo máa ń kọrin ọpẹ́ àná sókè kí n tó tọrọ ohunkóhun. Ìyá Kamilath, Mùsùlùmí tó ń gbé yàrá kejì ládùúgbò Djègan-Kpèvi níbí, máa ń gbọ́ mi bí wọ́n bá jí kírun.

Láàárọ̀ Sátidé, wọn ò gbọ́ orin. Wọ́n já ilẹ̀kùn, wọ́n bá mi nílẹ̀ níbi tí mo dákú sí, wọ́n sì sáré gbé mi lọ sọ́sibítù.

Màámi, ẹ wo Ọlọ́run! Orin tí mo rò pé Òun nìkan ń gbọ́!

Ẹ bá mi kí Dàpọ̀ àbúrò mi. Bí ẹ bá jí lọ́la, ẹ bá mi kọ orin ọpẹ́ náà sókè, ohùn mi ò tíì jáde.

Ọmọ yín,
Ọlẹ́wà