Òróró Àdúrà Lórí Sílíkọ́nì

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́. Kétu.

Ta ni mo fẹ́ bá jà báyìí?

Mo jáde ní balùwẹ̀, mo bá Mọ́mì nídìí báàgì tí mo fẹ́ gbé lọ sí òkè Ọya lọ́la. Wọ́n ti ṣí páálí kékeré inú ẹ̀, wọ́n sì ti fi òróró àdúrà ya àgbélébùú sójú sílíkọ́nì pẹlẹbẹ tí mo ṣe láti máa fi mọ ibi tí ìtànṣán nútírọ́nù bá wà. Èmi tí mo ṣe é gan-an kì í fọwọ́ lásán kàn án!

"Kò ní dójú tì ẹ́ níbẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Àmín, mà."

Kí ni ǹ bá tún sọ? Òróró yìí náà ni wọ́n ń fi pa mí lórí láàárọ̀ ìdánwò láti kékeré, mo sì ń yege.

Bórónì tí mo fi bo ojú ẹ̀, tó ń bá mi mú nútírọ́nù, ti bó níbi tí ìka wọn gbà. Kò ṣeé lẹ̀ padà. Ọ̀túnla nìkan ni àwọn ará òkè Ọya fún mi láyè nídìí ẹ̀rọ wọn tó ń tú nútírọ́nù jáde, tí mo fẹ́ fi dán an wò, iṣẹ́ PhD mi sì...

Mo pe ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi, wọn ò gbé fóònù. Bóyá ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀.

Mọ́mì ti ki ìgò òróró náà bọ báàgì mi. Wọ́n ní kí n fi ìyókù pa ẹ̀rọ tọ̀hún náà.